Fàájì orí ẹní nínú páálọ̀: ta ni yóò fọ abọ́?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

"Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dà Road nílùú Àkúrẹ́ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, yàrá kan àti páálọ̀, ọmọ méjì. Oṣù tó ń bọ̀ la máa pé ọdún 7 tí a ti ṣègbéyàwó. Mo ní dípò ká lọ jókòó sí ilé oúnjẹ tí wọ́n á ti ja owó gbà lọ́wọ́ wa, ká tẹ́ ẹní sí páálọ̀ lálẹ́, ká tan iná tó rọra ń tàn, ká jẹun, ká sọ̀rọ̀. Píkíníìkì inú ilé, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní orí ẹní ni ìyá òun ti bọ́ òun dàgbà, àti pé nítorí kí òun má baà padà sórí ẹní lòun ṣe ra àga. Ó dùn mí díẹ̀. Ẹ̀yin tó ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Kí la máa sè? Ibo la máa kó àwọn ọmọ sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n ra òdòdó o."

* * *

Àbúrò mi, má tíì bínú. Èmi náà ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí lẹ́nu ọkọ mi. Ọmọ Oǹdó ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ti ọkọ tìẹ lọ. Ó ní, "Ẹni tó ní àga tó wá lọ ń jókòó sílẹ̀, wèrè ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀." Lónìí, òun náà ló máa ń bi mí pé ṣé èkúté ò tíì jẹ ẹní tó wà ní kọ̀rọ̀ ṣá.

Kí n sọ iṣẹ́ mi kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Mo ń yá àwọn èèyàn ní àga, kánópì, kúlà àti abọ́ ní Ìjọ̀kà, nílùú Àkúrẹ́ níbí. Ìnáwó ni mo fi ń jẹun. Mo ti rí tábìlì tí wọ́n to òdòdó oníke sí débi pé kò sáyè tí wọ́n á gbé abọ́ lé. Mo sì ti rí tọkọtaya tó jókòó sórí àga aláwọ̀ góòlù láti ọ̀sán dalẹ́ tí wọn ò bá ara wọn sọ gbólóhùn mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá ń sọ fún mi pé bí ibẹ̀ bá ṣe lẹ́wà tó ni fàájì ọ̀hún ṣe máa dùn tó, mo kàn máa ń wò ó ni.

Àwọn tó ti dáhùn ṣáájú mi pín sí mẹ́ta. Àwọn kan ní àṣà òyìnbó ni. Àwọn kan ní kí ẹ kúkú gba Òkè Ìdànrè lọ. Àwọn yòókù ti kó àwòrán bàlúùnù àti iná wínni-wínni jọ fún ọ. Ti àwọn àkọ́kọ́ ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ta ló kọ́ Yorùbá láti jókòó sórí ẹní? Ẹní la máa ń tẹ́ fún àlejò, orí ẹní la ti gbọ́ àlọ́ ìjàpá. Orúkọ nìkan ni ti òyìnbó níbẹ̀. Tiwọn ni kí wọ́n gbé oúnjẹ lọ sínú koríko kí èèrà wá bá wọn jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ti Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lẹ ní kí ìyá ọlọ́mọ méjì gbé kúlà gùn yẹn o. Ibẹ̀ dáa púpọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó béèrè nìyẹn.

Èmi fẹ́ bi ọ́ ní ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi ọ́: ta ni yóò fọ abọ́?

* * *

Mo rí i pé ìbéèrè mi bí àwọn ọkùnrin kan nínú. "Ìyá yìí ti gbé ìjà dé." Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí.

Ọdún 2016 ni mo kọ́kọ́ ṣe é. Èmi ni mo lọ Ọjà Ọba, èmi ni mo bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, èmi ni mo sun ẹran, èmi ni mo gbálẹ̀, èmi ni mo nù ún, èmi ni mo wọ́ àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èmi náà ni mo tẹ́ ẹní. Ọkọ mi wọlé ní agogo 8, ó wẹ̀, ó jókòó, ó ní "Há, ìwọ obìnrin yìí!" Ó jẹun, ó yìn mí dáadáa, agogo 10 ò tíì lù tó ti ń hanrun. Mo jókòó sórí ẹní, mo ń wo abọ́. Àwo mẹ́fà, ìkòkò méjì, tíréè tí mo fi gbé ẹran, kọ́ọ̀pù, ewé mọ́ínmọ́ín káàkiri ilẹ̀. Omi ti tán nínú dúrọ́ọ̀mù. Mo wá ń fa omi nínú kànga ní agogo 11 òru, ata rodo ṣì ń ta mí lọ́wọ́. Ibi tí mo ti ń fa okùn yẹn ni mo ti bi ara mi pé, ṣé mo ṣe fàájì ni, àbí mo gba iṣẹ́ alásè láìgbowó?

Láti ìgbà náà, òfin kan ṣoṣo ló wà nílé wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá dáná kò gbọdọ̀ tẹ́ ẹní, kò sì gbọdọ̀ fọ abọ́. Ọkọ mi ló ń wọ́ àga, tó ń gbálẹ̀, tó ń pọnmi sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, òun náà ló ń fọ ohun tó bá wà ní fífọ̀. Lọ́dún tó bá jẹ́ pé òun ló dáná (dòdò àti ẹyin díndín ló mọ̀, kò kọjá ibẹ̀), èmi á fọ̀ ọ́. Mo sì tún wá dín abọ́ kù: ewé mọ́ínmọ́ín tó fẹ̀, tí a fọ̀ tí a sì nù gbẹ, ni mo fi ń ṣe àwo. Tí a bá jẹun tán, a ká a jọ, ó di ilé ìdọ̀tí. Kọ́ọ̀pù méjì àti páànù kan ló kù.

Bàbá kan láti Oǹdó ní bàbá òun kò fọwọ́ kan abọ́ ìdọ̀tí rí títí tó fi re ìwàlẹ̀ àsà. Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣé ẹ bi ìyá léèrè bó ṣe rí lára tiwọn?

* * *

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló gùn jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, kò sì yà mí lẹ́nu. Apá kan ní láìsí iyán kò sí àsè. Apá kejì ní ohun gbígbẹ téèyàn lè fọwọ́ mú ló yẹ orí ẹní.

Ẹ̀yin Oǹdó, àna mi ni yín, mo sì mọ̀ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ariwo odó lálẹ́ á ti jẹ́ kí gbogbo ojúlé mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nílé yín. Kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi kan ilẹ̀kùn pé òun ní kóun wá kí yín ni. Iyán kì í dúró deni, tó bá ti tutù á gan. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí á kán sílẹ̀, epo pupa tó bá sì ti wọ inú ẹní, ó di onílé níbẹ̀. Èyí tó wá burú jù: ẹni tó gbé òkèlè iyán mì ní agogo 8 alẹ́, ọ̀rọ̀ wo lẹ fẹ́ bá a sọ ní agogo 9?

Ẹnìkan láti Alágbàka ní òun máa ń bu iyán ní róbótó bí ẹyin, òun á fi ọ̀rá wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á tò ó sínú kúlà kékeré, á sì gbóná títí wọn á fi jẹ ẹ́. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ làwọn alásè ṣe ń ṣe é ní òde ìnáwó. Tó bá jẹ́ pé iyán ni ọkọ rẹ máa fi gbà, ṣe bẹ́ẹ̀, kó o fi ẹ̀fọ́ rírò tó gbẹ dáadáa tì í. Mo fàyè sílẹ̀. Kò ti ọkàn mi wá o.

Tèmi ni mọ́ínmọ́ín eléwé, dòdò, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a ti gé sílẹ̀, àti àsun. Ibí ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, torí àwọn kan ti ń jà lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe àsun, àwọn ọmọ Àkúrẹ́ kan sì ti ń bá Oǹdó du ẹni tó ni ín. Mi ò dá sí ìyẹn. Mo mọ̀ pé Oǹdó ni gbogbo ayé ń dárúkọ mọ́ ọn, ọwọ́ ìyá ọkọ mi ni mo sì ti kọ́ ọ.

Kílò 1 ẹran ewúrẹ́ tó èèyàn méjì, ó tún máa ṣẹ́kù. Ní kí alápatà fi awọ sílẹ̀ lára rẹ̀, kó ti fi iná sun irun kúrò. Iyọ̀, àlùbọ́sà gígún, kó jókòó díẹ̀. Iná igi ni, lẹ́yìnkùlé, láti ìrọ̀lẹ́ kí alẹ́ tó lẹ́. Ẹ má sun ún lórí gáàsì inú ilé. Èéfín ẹran á wọnú kọ́tìnì, ọ̀sẹ̀ kan lẹ ó fi máa gbọ́ òórùn rẹ̀. Máa yí i títí etí rẹ̀ á fi dúdú díẹ̀ tí inú á sì jinná. Gé e wẹ́wẹ́. Páànù, òróró díẹ̀, ata rodo tí a gún ṣáńṣán, àlùbọ́sà tó pọ̀, da ẹran sí i, rò ó títí òórùn tútù ata á fi lọ. Ó tán.

Ìjà ibẹ̀ ni pé, ṣé ká kọ́kọ́ bọ ẹran? Ìyá ọkọ mi ní ẹni tó bá bọ̀ ọ́, ẹran bíbọ̀ ló ń jẹ, kó má pè é ní àsun. Èmi ní tí ewúrẹ́ ọ̀hún bá ti dàgbà, dé e mọ́ ìkòkò fún ìṣẹ́jú 15 pẹ̀lú omi ara rẹ̀ nìkan, láìbu omi kún un, kó o tó gbé e lọ sórí iná. Màmá kò tíì mọ̀ títí dòní. Ẹ má sọ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ata: omi lásán kì í yọ ata lọ́wọ́. Òróró ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi pa ọwọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀mejì, torí inú òróró ni ohun tó ń ta nínú ata máa ń yọ́ sí. Mi ò ní ṣàlàyé ìdí tó fi ṣe pàtàkì lálẹ́ tí tọkọtaya fẹ́ ṣe fàájì. Ẹ̀yin àgbà, ó ti yé yín.

* * *

Ẹnìkan bi mí bóyá èèyàn lè gbé gbogbo oúnjẹ kalẹ̀ láti agogo 5, kó ya fọ́tò, kó wá dúró de ọkọ títí di agogo 9. Rárá o. Oúnjẹ tó ti jinná kò gbọdọ̀ jókòó síta ju wákàtí 2 lọ; nígbà tí ooru bá ti lé ní 32 lórí ìwọ̀n Celsius, bí páálọ̀ onípáànù ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa ní oṣù kejì sí ìkẹta, wákàtí 1 péré. Ìrẹsì àti sàláàdì oníkíríìmù funfun yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Ìrẹsì tó dùbúlẹ̀ nínú ìkòkò láti àárọ̀ lè da inú rú kódà bẹ́ ẹ bá tún un gbé kaná, torí iná kì í pa oró tó ti wà nínú rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí mo ń ṣe, mo ti rí òde tí gbogbo àlejò ti ń sáré wá ilé ìyàgbẹ́ kí wọ́n tó gé kéèkì. Ohun gbígbóná nínú kúlà, ohun tútù nínú kúlà mìíràn tó ní yìnyín, ẹ ṣí i nígbà tẹ́ ẹ bá jókòó.

Sóbò dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun kí àwòrán lè mọ́, sóbò kan tó dà sórí rẹ̀, ẹ̀rí ayérayé ni. Àdìrẹ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ tẹ́ sórí ẹní. Tí nǹkan bá dà sí i, aró á bò ó. Ẹmu náà dáa, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má dé ìgò rẹ̀ pa. Ó ṣì ń hó nínú ìgò, ó lè bẹ́ ìdérí lu àjà.

* * *

Ṣókólẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kà á níbí pé kí wọ́n rà á. Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà ni kòkó pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà, àwa là ń sá kòkó sí etí títì, òun náà ló lọ sókè òkun tó wọ bébà dídán, tó wá padà di ohun tí ọmọ àgbẹ̀ ò lè rà. Tẹ́ ẹ bá rówó rà á, ẹ jẹ ẹ́. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

* * *

Iná. Ẹ jẹ́ kí n fi àwàdà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Ẹnìkan níbí sọ pé kí wọ́n gbé ìdáná eléèédú sáàárín páálọ̀ kí àsun má baà tutù. Ẹ má dán an wò láé. Èédú tó ń jó nínú ilé tí a ti fèrèsé rẹ̀ máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. Orí á kọ́kọ́ fọ́ yín, oorun á gbé yín, ẹ ó rò pé oúnjẹ ló pọ̀jù, ẹ lè má jí mọ́. Afẹ́fẹ́ yẹn kan náà ló ń jáde lẹ́nu jẹnẹrétọ̀. Kò gbọdọ̀ wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, kò gbọdọ̀ wà ní kọ́ridọ̀, kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Bẹ́ ò bá ní ibi tó jìnnà sí ilé, ẹ má tan án.

Àbẹ́là wá ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ títí di ọdún kẹta wa, nígbà tí mo gbé e ka ilẹ̀ lórí ìdérí agolo mílíìkì, fáànù fẹ́ ẹ, ó ṣubú sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ihò tó lu níbẹ̀ tó owó náírà onírin, orí rẹ̀ ni ẹsẹ̀ tábìlì wa wà títí dòní kí àlejò má baà rí i. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, ẹ gbé e sínú ife dígí tó jìn, kó jìnnà sí kọ́tìnì, kẹ́ ẹ sì pa á kẹ́ ẹ tó gbé ojú lé ara yín. Láti ìgbà náà, àtùpà oníbátìrì tí wọ́n ń ṣáájì ni mò ń lò. Mo fi igbá ihò-ihò tí mo fi ń sẹ́ gàrí, ìyẹn ajọ̀, dé e lórí. Ìmọ́lẹ̀ á máa já lójú ihò, á tò sára ògiri bí ìràwọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ọkọ mi ló rí i o, kì í ṣe èmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Band A, tí ilé iṣẹ́ mànàmáná ní ẹ ó máa rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, ẹ tan fáànù yín, kẹ́ ẹ dákẹ́.

* * *

Lórí àwọn ọmọ, ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí ẹ kó wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ó dùn létí. Ìyá tìẹ tó bá wà nítòsí, á bi ọ́ pé kí ló dé, wàá ṣàlàyé, wọn á bú sẹ́rìn-ín, ní ọjọ́ kejì gbogbo ẹbí ti gbọ́. Èmi kì í kó tèmi lọ síbì kankan.

Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń fún wọn ní tiwọn. Agogo 5 ìrọ̀lẹ́, a tẹ́ ẹní, àwọn ló kọ́kọ́ jókòó, wọ́n jẹ dòdò àti mọ́ínmọ́ín, wọ́n fò sókè sódò, wọ́n tú ìrọ̀rí ká. Agogo 8, ó ti rẹ̀ wọ́n. Àwọn kan níbí ní ìyẹn ò pé mọ́, wọ́n ní fàájì tọkọtaya kò gbọdọ̀ ní ọmọ nínú. Ẹ wá sílé mi kẹ́ ẹ wá wí fún àbíkẹ́yìn mi. Ọmọ ọdún 4 ni nígbà yẹn, a ò fún un ní tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, a rò pé ó ti sùn. A ń rọra sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn, ọkọ mi ń sọ ohun kan tí kò tíì sọ fún mi rí nípa ọdún tó fi wáṣẹ́ ní Èkó, ẹkún fẹ́ẹ̀ wà lójú rẹ̀, la bá gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà yàrá: "Mọ́mì, ẹ̀yin ń jẹ ẹran!" Ó wá jókòó sáàárín wa. Ó jẹ àsun, ata ta á, ó figbe ta, ará ilé jí. Ọ̀rọ̀ Èkó ọ̀hún, ọkọ mi ò tíì parí rẹ̀ fún mi.

* * *

Ọmọ FUTA kan, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, kọ̀wé pé yàrá kan ṣoṣo lòun ní ní ọ̀nà North Gate, òun àti àfẹ́sọ́nà òun, owó ọwọ́ òun ò ju ₦10,000 lọ, ṣé ó ṣeé ṣe? Ó ṣeé ṣe, ọmọ mi. Tìẹ gan-an ló rọrùn jù, torí o ò ní àga tí wàá wọ́. Gbé máàtírẹ́ẹ̀sì ti ògiri kẹ́ ẹ rí ibi fẹ̀yìn tì. Ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan, ra ohun mímu tútù. Má yáwó. Kí ìwọ náà gbá yàrá ọ̀hún kó tó dé. Mo mọ bí yàrá ọmọkùnrin ṣe máa ń rí. Kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí díẹ̀ tí ẹnu ará ibẹ̀ bá ń kọ yín lóminú. Kó o sì sìn ín dé ibi tó ti máa wọ ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú jù. Màmá rẹ̀ náà wà níbìkan.

* * *

Fóònù. Àwọn kan ní kẹ́ ẹ tì í pa, àwọn kan ní láìsí àwòrán kí ni wọ́n á fi rántí. Èmi ní ẹ ya méjì kẹ́ ẹ tó jẹun, kẹ́ ẹ kó fóònù méjèèjì sínú ìkòkò òfìfo, kẹ́ ẹ dé e. Tó bá ń dún níbẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ta kò gan-an ni ti arábìnrin tó ní ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ owó lórí ẹní, ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ sìkúùlù fíìsì, kìkì ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Kí ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lẹ́yìn ọdún 7? Tèmi ni pé ìjà ni ẹ ò gbọdọ̀ gbé lọ síbẹ̀, owó ṣeé gbé lọ. Orí ẹní ni mo ti jẹ́wọ́ fún ọkọ mi pé àjọ tí mò ń dá ti fọ́, pé ẹni tó ń gbà á ti kó owó wa lọ, ó sì ti pé oṣù mẹ́rin tí mo ti ń fi í pamọ́. Tó bá jẹ́ pé orí àga ni, á ti dìde, á ti máa rìn ká páálọ̀, ohùn á ti lọ sókè. Ẹni tó jókòó sílẹ̀, tó ká ẹsẹ̀ kò, tí ìrọ̀rí wà lẹ́yìn rẹ̀, kó tó dìde iṣẹ́ ni. Ó kàn wò mí. Ó mú ẹran kan, ó fi sí ewé mi.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹní ló ṣe é tàbí àsun.

* * *

Ìbàdí, ẹ̀yìn àti orúnkún: ọ̀pọ̀ yín ló kọ ọ́, ẹ sì jàre. Téèyàn bá ti lé lẹ́ni ogójì ọdún, ilẹ̀ ti jìnnà. Ẹní fafá lásán kò tó, simẹ́ńtì á máa gún yín láti ìsàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹní lé e, àdìrẹ wá gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri tàbí ẹsẹ̀ àga. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó jókòó sórí àpótí tí àwọn ìyá wa ń jókòó lé nídìí àdògán. Aláboyún pẹ̀lú. Kẹ́ ẹ nu ilẹ̀ kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ́ ohunkóhun. Ilẹ̀ tútù máa ń mú ẹní hu. Ẹ bu omi díẹ̀ sínú àwo pẹlẹbẹ, kẹ́ ẹ gbé abọ́ ẹran sáàárín rẹ̀. Èèrà kì í wẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó kọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, mo ka gbogbo ẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ alásè láìgbowó, ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá dákẹ́. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n orí àpótí lòun á jókòó, òun ò ní jókòó sílẹ̀ kanlẹ̀, ìyẹn ni ọ̀wọ̀ tó kù fún òun. Ó ní òun á fọ abọ́, ṣùgbọ́n kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo sì ti wá sọ ọ́ níbí. Ìṣòro tó kù ni pé a ò ní àpótí, a ò sì ní kúlà kékeré. Ó tún ní kí n bi yín bóyá ewúrẹ́ tí ẹ bọ̀ yẹn, ìṣẹ́jú 15 tó lóòótọ́?"

Sọ fún un pé ó tó, tí kò bá ti jẹ́ ògbólógbòó òbúkọ. Tó bá jẹ́ òbúkọ, 25. Kó má bá ìyá mi Oǹdó sọ ọ́.

Àpótí wà lọ́dọ̀ mi, méjì, igi ìrókò ni, wọ́n wúwo díẹ̀. Ẹ wá mú un ní Ìjọ̀kà ní ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Kúlà ni kẹ́ ẹ sanwó rẹ̀, iṣẹ́ niṣẹ́. Kẹ́ ẹ sì fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó dá a padà. Ọkọ rẹ ni kó fọ̀ ọ́ o.